Omi Kò Léegun

"Omi lásánlàsàn! Omi tí kò léegun! Kí ni omi ṣe tí àbúrò mi ò gbọdọ̀ mu ún nínú ilé ọmọ tó bí?"

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Ìyá Oyíndà ti dé láti Kàbà, ìbéèrè yìí ló sì fi ń jí ilé lójoojúmọ́. Aago méje àárọ̀ ò tíì lù. Iná ti lọ láti àná, ooru oṣù Ẹrẹ́nà sì ti jókòó sínú fúláàtì náà bí àlejò tí kò lérò àtilọ. Rachael gbọ́ ìbéèrè náà ní kíṣìnnì, níbi tó ti ń ro ẹ̀kọ. Ó ń ro ẹ̀kọ náà lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ti ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí, ìyàwó ni. Ìyàwó kì í bá ọmọ ilé jiyàn lórí ọmọ ilé.

"Ìyàwó! Ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí ògiri?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Omi ṣíṣàn ni wọ́n ní kó má mu. Bó bá mu ún, ọ̀nà èémí ló ń gbà lọ."

"Àwọn ta ni 'wọ́n'? Ọmọbìnrin oníhíjáàbù tí ẹ lọ bá ní ọsibítù yẹn? Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè lákìísà bí àgbà ni? Ọmọ méjìlá ni mo fi ọwọ́ yìí rọ lẹ́kọ, tèmi àti ti ẹlòmíràn. Titus yìí gan-an, ta ló ń rọ ọ́ nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko? Èmi ni! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, n ò jẹ́ kó kú. Ó wá dàgbà tán, ẹ fẹ́ fi òùngbẹ pa á fún mi."

Titus fúnra rẹ̀ wà lórí ibùsùn nínú yàrá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Apá ti ń gbà díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń gbà, àmọ́ ọ̀fun kọ̀. Ọ̀fun gbàgbé iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Bó bá mu omi, omi á pá a lórí. Bó bá jẹ ìrẹsì, ó di ikọ́ tí í mú ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Ọmọbìnrin oníhíjáàbù náà, Hàlímàt lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó kọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ bí wọ́n á ṣe tún máa gbé nǹkan mì. Òun ló kọ òfin sínú ìwé kan fún Rachael: kó jókòó kó nàró, kó tẹ àgbọ̀n sáyà kó tó gbé e mì, ṣíbí kékeré ni, kó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e, gbogbo ohun mímu gbọ́dọ̀ ki bí ẹ̀kọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì.

Wákàtí kan ààbọ̀ ni abọ́ ẹ̀kọ kan ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ìfẹ́ ni kí èèyàn méjì jókòó nílé oúnjẹ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kí wọ́n jọ máa fi ṣíbí kan lá áísìkiriìmù. Kí wọ́n wá wo ìfẹ́ nínú fúláàtì yìí ní Lokogoma. Kí wọ́n wá wo Rachael lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó tẹjú mọ́ gògóńgò ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà fún ẹni tó rìnrìn àjò. Bí gògóńgò náà bá gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀, obìnrin náà á mí. Bí kò bá tíì sọ̀kalẹ̀, òun náà ò ní í mí. Láàárín ṣíbí kan àti èkejì, Titus á máa wò ó, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin nínú ara arúgbó.

Akínjídé, ọmọ wọn tó gba ilé náà, yọ sí kíṣìnnì. Ó ti de táì mọ́rùn fún iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe láàárín ìlú.

"Màámi, ẹ fara dà á fún wọn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń padà lọ."

"Ọjọ́ Àìkú jìnnà, Akin. Òní ṣẹ̀ṣẹ̀ di Ọjọ́bọ̀."

"Mo mọ̀. Kí wọ́n má ṣáà lọ sọ ní Kàbà pé a ò mọ èèyàn-án tọ́jú."

"Ta ni a ń tọ́jú gan-an? Bàbá rẹ ni, àbí orúkọ rẹ?"

Akínjídé wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Màámi, mo ti pẹ́." Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, ó gbàdúrà díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Rachael gbé ìdọ̀tí sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni Misturah, ayálégbé ìsàlẹ̀, ti rí i. Misturah ń ta ìṣó àti páànù ní ọjà Dei-Dei, ọ̀rọ̀ tó bá sì wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ dójà.

"Kai, Màmá Akin! Sànnu o. Ẹ mà ti rù o! Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Màmá tó wá láti ilé ló ń sunkún lójú fèrèsé lánàá. Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ Bàbá, ẹ ò sì fún wọn lómi. Èmi ò gbà á gbọ́ o! Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni, torí ìyàwó máígádì náà ti gbọ́."

"O ṣé, Misturah."

"Àwọn kan tiẹ̀ ní bóyá ẹ fẹ́ kí Bàbá tètè lọ ni. Mo ní rárá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé garawa rẹ̀ sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n nínú ooru yìí, Màmá Akin. Ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà ní Dei-Dei pàápàá, wọ́n máa ń fún un lómi."

Rachael rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Kó sọ pé ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n fi ń mú omi ki, pé ilé oògùn kan ṣoṣo ló ń tà á ní gbogbo ìlú, pé ìwé ìlera tí ìjọba fi ń sanwó oògùn fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kò kó o mọ́ra, nítorí ẹni tó kọ ìwé náà ò tíì rí i kí omi pa ènìyàn? Ó gòkè padà. Orúnkún rẹ̀ ń dún ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan.

Inú yàrá ni ó ti bá Ìyá Oyíndà, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àbúrò rẹ̀. "Ọ̀kun o, ọmọ ìyá mi. Ọ̀kun," ló ń wí, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé. Ó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìyàwó, lọ wẹ̀. Kí omi kàn ọ́ lẹ́yìn. Láti àná ni o ti wà nínú aṣọ yìí. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àánú ni. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ irú rẹ̀ fún un.

"Ẹ má tíì fún un ní nǹkan o, Màmá. Mo ń bọ̀."

"Hẹn-ẹn."

Ó bu omi sórí, omi tútù nínú ooru, ara rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbọ́ ikọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ́ọ̀bù. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan mọ́. Ikọ́ ti lọ. Ó dúpẹ́ lọ́kàn, ó sì tún bu kọ́ọ̀bù mẹ́ta sórí, nítorí pé ó dùn.

Nígbà tó jáde, aṣọ ìnura láyà, omi ń kán lára rẹ̀, ó bá Titus lórí itan Ìyá Oyíndà. Orí rẹ̀ wọ́ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ lórí ibùsùn. Ìyá àgbà náà fi ọwọ́ òsì ṣe kòtò sí ẹnu rẹ̀, ó ń fi ọ̀tún da ẹ̀kọ sínú kòtò náà, ẹ̀kọ tó ti fi omi là títí ó fi ń ṣàn. Bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ ọwọ́ ló ń rọ ọkùnrin tó ti bí ọmọ. Èyí tó kù nínú abọ́ ò ju ojú ìka lọ.

"Ṣé o rí i?" Ojú Ìyá Oyíndà ń dán bí ojú ẹni tó yege. "Ó fẹ́ ṣagídí níbẹ̀rẹ̀, mo di imú rẹ̀ díẹ̀, ó gbé e mì. Kò wúkọ́ mọ́! Abọ́ kan gbáko! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Titus ń wo àjà. Omijé ti ojú rẹ̀ ṣàn wọ etí.

Ọ̀rọ̀ kan gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun Rachael. Ó rò ó pé ìyàwó ni òun. Ó ro Kàbà, ó ro ojú fèrèsé, ó ro ìyàwó máígádì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ ṣé, Màmá," ló wí.

Ó gbé ọkọ rẹ̀ dìde jókòó, ó fi ìrọ̀rí há a lẹ́yìn. Nígbà tí Titus fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, "Ra" ló jáde, ó sì dún bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ odò. Hàlímàt ti sọ fún un nípa ohùn yẹn. Ó ní, "Bí ohùn wọn bá ti lómi nínú, ẹ má dúró." Rachael pe Akínjídé lórí fóònù.

"Màámi, inú ìpàdé ni mo wà. Ṣé wọ́n ń wúkọ́ ni?"

"Kò wúkọ́ mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

"Kò wúkọ́ mọ́, ẹ̀rù tún ń bà yín? Bóyá ó ti ń sàn nìyẹn, Màámi. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́."

Ó dúró. Kì í ṣe pé ó gbà. Àárẹ̀ ló mú un dúró, ìtìjú sì ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ara Titus gbóná bí ààrò. Èémí rẹ̀ ń dún bí ìkòkò tí wọ́n bò lórí iná. Ìyá Oyíndà ń fi àdí pa á láyà, ó ń gbàdúrà, àmọ́ àdúrà náà ò fẹ̀ bíi ti àárọ̀ mọ́. Ó ń wo ìyàwó lábẹ́ ojú. Ìyàwó ń wo ètè ọkọ rẹ̀, ètè náà ti ń dúdú.

"Pe Akin," ni Ìyá Oyíndà wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mo ti pè é."

Akínjídé dé, ó ti tú táì. Òun àti máígádì gbé bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú àga oníke, ìyàwó máígádì sì dúró lẹ́bàá géètì, ó káwọ́ lérí, ó ń wo Rachael láti òkè délẹ̀. Kò kí i. Lójú ọ̀nà Galadimawa, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wọn, ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀. Èémí Titus nìkan ló ń sọ tirẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, orí rẹ̀ lórí èjìká aya rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, kò sí ibùsùn. Dókítà kan, tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn, gbọ́ àyà rẹ̀, ó fi ọ́síjìn sí i nímú, ó ní òtútù àyà ni, kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà náà wá. Wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọ́n tì í sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí èèyàn bí ogún ti ń dúró. Afẹ́fẹ́ náà mú un sojí díẹ̀. Ó la ojú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Omi," ló wí.

Ọ̀rọ̀ kan yẹn yé gbogbo èèyàn. Obìnrin kan ní, "Ẹ fún Bàbá lómi, ẹ ò gbọ́ ni?" Ìyá Oyíndà ti fa píọ̀wọ́tà yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó fi eyín fa etí rẹ̀ ya, ó sì nà án sí ẹnu àbúrò rẹ̀.

Rachael di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ò ní í fún un."

Omi náà tú jáde, ó ṣàn sára ìró àwọn méjèèjì.

"Èmi ni? Èmi ni o di lọ́wọ́ mú, ìyàwó?"

"Mo di yín lọ́wọ́ mú, Màmá. Ẹ lọ sọ ọ́ ní Kàbà. Ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ ọ́ fún Misturah. Ẹ ní mo fi òùngbẹ pa àbúrò yín. Ẹ ò ní í fún un."

"Màámi!" Akínjídé ń wò yíká, bíi pé ó ń wá ibi tí yóò sá sí. "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Akin, dákẹ́. Láàárọ̀ òní, mo dákẹ́. Wo ohun tí ó dá sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò ga. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó pariwo lọ. "Bó bá jẹ́ ìyàwó burúkú ni mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tó lè mí, mo ti burú náà nìyẹn."

Bàbá kan tó so báńdéèjì mọ́rí mi orí. "Kai. Àgbàlagbà méjì ń jà lórí píọ̀wọ́tà." Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Rachael, ó pa ẹ̀rín náà jẹ.

Níbẹ̀ ni Hàlímàt ti ń kọjá lọ sílé, báàgì lọ́rùn. Ó rí wọn, ó rí omi nílẹ̀, ó gbé báàgì náà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kó tó sọ ohunkóhun.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ̀kọ ni," ni Ìyá Oyíndà wí, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Èmi ni mo rọ ọ́. Abọ́ kan ló mu. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wúkọ́, ikọ́ sì dá."

"Ikọ́ ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Màmá. Àìsàn yìí ti sọ ẹ̀ṣọ́ tiwọn di ọ̀lẹ: bó bá pariwo lẹ́ẹ̀mejì tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, á lọ sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀kọ náà ń lọ, a ò sì ní í gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe ẹ̀bi yín nìkan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyá àgbà tèmi ní Ìsánlú, tọwọ́tọwọ́ ni wọ́n fi ń rọ ọmọ. Ọ̀kan kú sí wọn lórí itan. Wọ́n ní àbíkú ni."

Ìyá Oyíndà yí ọwọ́ òsì rẹ̀ padà, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà, ó wò ó pẹ́. Oyíndà kọ́ ni àkọ́bí rẹ̀; ọmọ kan ti ṣáájú, kò sì pẹ́ láyé. Gbogbo ẹbí ló mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ọ́.

Rachael náà mọ̀. Ó mú ìdí aṣọ rẹ̀, ó nu omi kúrò lára ìró ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa rí ibùsùn, oòrùn ti ń wọ̀. Fọ́tò fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ti kún. Wọ́n gba imú rẹ̀ ki ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ikùn; ibẹ̀ ni oúnjẹ yóò máa gbà títí àyà á fi mọ́, bó bá máa mọ́. Hàlímàt fún Rachael ní òwú àti omi díẹ̀ nínú ife.

"Ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ fún un gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi nu ètè àti ahọ́n wọn. Kò gbọdọ̀ kán o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tún máa dé. Bí àyà bá ti fúyẹ́, a ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa padà láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ta ló wà láàárín òní sí Ìṣẹ́gun?"

"Èmi nìkan ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ yìí níbí, Màmá. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà títí." Ó so báàgì rẹ̀ kọ́rùn. "Ẹ̀yin náà ni ẹ wà."

Ó lọ. Akínjídé ti jáde lọ wá oògùn tí kò sí nínú ilé oògùn tiwọn. Ó ku obìnrin méjì, ọ̀kan lápá òsì ibùsùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ọwọ́ òsì Titus, èyí tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀, ń lọ sí ìdí rọ́bà imú rẹ̀ ṣáá, Ìyá Oyíndà sì ń dá a padà, ó ń dá a padà, títí ó fi kúkú dì í mú sínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Titus la ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ẹni tí kì í kọ nǹkan fún un.

"Omi."

Ìyá Oyíndà yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Kò jẹ́ kí ọwọ́ náà bọ́.

Titus yí ojú náà, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, sọ́dọ̀ aya rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ra... omi."

Rachael rẹ òwú, ó fún un títí kò fi kán mọ́, ó fi nu ètè náà láti igun kan dé ìkejì, ó fi nu ahọ́n. Ètè rẹ̀ pa dé mọ́ òwú náà, ó dì í mú, kò fẹ́ kó lọ. Rachael ò fà á. Ó dúró títí ó fi tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Omi," ló tún wí. Omijé ti dé ojú rẹ̀.

"Rárá, olówó orí mi," ni Rachael wí, ó sì tún òwú náà rẹ.